Ta Gan-an Ló Ń Jẹ́ Orúkọ Yìí? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Wá Ènìyàn Nínú Ìwé Ilé Ìkàwé àti Àkọsílẹ̀ Àtijọ́

Ẹni tó ń wá ènìyàn kan nínú kátálọ́ọ̀gì ilé ìkàwé tàbí nínú ákáífù, ìyẹn ilé tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí, tó wá rí i pé orúkọ yẹn náà ni àwọn mìíràn ń jẹ́, òun ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí ẹ ń wá lè jẹ́ òǹkọ̀wé, ó lè jẹ́ bàbá ńlá yín, ó sì lè jẹ́ ẹnì kan tó kàn buwọ́ lu lẹ́tà kan ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn ìbéèrè tó ń wá jù ni mo dáhùn. Èyí tó gba àlàyé, mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Èyí tí kò gbà á, n ò fi í jẹ yín níyà.

Mo tẹ orúkọ náà sínú kátálọ́ọ̀gì, àìmọye ènìyàn ló jáde. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi kátálọ́ọ̀gì sílẹ̀ ná. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa ẹni náà yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀: ìgbà tó ṣeé ṣe kó wà láyé, ibi tó gbé, iṣẹ́ tó ṣe, ẹni tó fẹ́, ìjọ tó ń lọ, èdè tó fi ń kọ̀wé, àwọn tí wọ́n jọ ń dòwò pọ̀. Orúkọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn nǹkan kéékèèké yìí ló máa yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ ẹ.

Nínú gbogbo wọn, iṣẹ́ àti ibùgbé ni mo máa ń gbára lé jù. Ọjọ́ ìbí a máa yí padà láti ìwé kan sí òmíràn, pàápàá láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí alágbẹ̀dẹ inú ìwé ọdún yìí di lọ́yà nínú ti ọdún tó ń bọ̀.

Báwo ni ilé ìkàwé fúnra wọn ṣe ń ya àwọn olórúkọ kan náà sọ́tọ̀?

Yàtọ̀ sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ìwé, wọ́n tún ń ṣe àkọsílẹ̀ fún orúkọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹnu kò sí bí wọ́n á ṣe máa kọ orúkọ òǹkọ̀wé kan nígbà gbogbo. Bí ẹlòmíràn bá wá yọjú pẹ̀lú orúkọ yẹn, wọ́n á fi nǹkan kún un kí méjèèjì má baà lù pọ̀. Ọdún ìbí àti ti ikú ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n tún lè fi orúkọ àárín tàbí iṣẹ́ kún un.

Ẹ wo Samuel Johnson. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1709 sí 1784, tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1755. Òmíràn, tó gbé ayé láti 1696 sí 1772, ni ààrẹ àkọ́kọ́ King's College ní New York, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Columbia lónìí. Ẹ̀kẹta ni àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá. Ọdún 1846 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1901. Bí ẹ bá tẹ "Johnson, Samuel" láìfi ọdún sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tò wá síwájú yín, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí n ò dárúkọ.

Ẹ̀kẹta yìí tún ní ọ̀fìn kan nínú. Ọdún 1921 ni ìwé rẹ̀ jáde, ogún ọdún lẹ́yìn tó ti kú. Ó ti parí iṣẹ́ náà ní 1897, àmọ́ ìwé tó fọwọ́ kọ sọnù mọ́ àwọn atẹ̀wé lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló sì tún un kó jọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọdún tí ìwé jáde díwọ̀n ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé á máa wá Samuel Johnson kan tó wà láàyè ní 1921, á sì wá a tì.

Ṣé èmi tí n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lè rí àkọsílẹ̀ orúkọ yẹn?

Ẹ lè rí i. Library of Congress ní Amẹ́ríkà ṣí tiwọn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ṣí ọ̀kan, ìlà-ìlà lẹ máa rí, tí nọ́ńbà wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà 100 ni orúkọ bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí i. Ìlà 400, tó lè pọ̀ gan-an, ni gbogbo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni náà rí: orúkọ àbísọ, orúkọ ilé ọkọ, orúkọ ìnagijẹ, àṣìkọ. Ìlà 370 ń sọ ibi tó bá a tan, 374 ń sọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìlà 670 ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń kọ ibi tó ti rí ohun tó sọ: àkọlé ìwé, ojú ewé, àti ọ̀rọ̀ tó kà níbẹ̀. Bí 670 bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì jẹ́ pé ojú ewé àkọlé ìwé nìkan ni wọ́n ti rí orúkọ náà, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ṣe àkọsílẹ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ jù yín lọ. Bí 670 bá pọ̀, tí ọ̀kan ń tọ́ka sí ìròyìn ikú nínú ìwé ìròyìn, tí òmíràn ń tọ́ka sí lẹ́tà tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Ó tún fún yín ní ibi tí ẹ máa lọ kà fúnra yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ṣe.

Ohun kan ṣì kù nínú ìlà 008, ní àyè tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 32. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ "a", ẹnì kan ló ni àkọsílẹ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ "b", àwọn ènìyàn tí wọn kò rí ohun tí wọ́n máa fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni wọ́n kó pọ̀ sójú kan. Ọjà gbogboògbò ni àkọsílẹ̀ oní-"b". Ẹ má fi ìwé kankan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ẹni yín ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ti ń tú irú wọn ká, ṣùgbọ́n wọn ò tíì tán nílẹ̀.

Kí ni VIAF, ISNI àti ORCID tí mo ń rí káàkiri?

VIAF ló ń so àkọsílẹ̀ orúkọ láti ilé ìkàwé oríṣiríṣi pọ̀. Ọdún 2003 ni Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Jámánì àti OCLC, àjọ kan tó ń so àwọn ilé ìkàwé pọ̀, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìkàwé ìjọba Faransé dara pọ̀ ní 2007. Ẹ̀yin tẹ orúkọ kan, ẹ ó sì rí bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọ ọ́ àti ọdún tí wọ́n fi sí i.

ISNI jẹ́ nọ́ńbà oní-àyè 16 tí wọ́n ń fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ ọgbọ́n: òǹkọ̀wé, olórin, òṣèré, títí kan òkú. Àyè tó kẹ́yìn wà fún yíyẹ nọ́ńbà náà wò, nítorí náà bí ẹ bá rí X níbẹ̀, kò sí àṣìkọ. ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ní àyè 16 bákan náà, àmọ́ àwọn olùwádìí ló wà fún, olúkúlùkù ló sì ń gba tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má wá bàbá ńlá yín níbẹ̀.

Ṣé bí ẹni méjì bá ti ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó parí?

Kò parí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe púpọ̀ nínú ìsopọ̀ tó wà lórí VIAF, ó sì máa ń so ènìyàn méjì pọ̀ nígbà mìíràn tàbí kó gé ẹnì kan sí méjì. Bí ẹ bá rí òǹkọ̀wé kan tí ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1840 tó ṣì ń jáde ní tuntun-tuntun ní 1975, tí ọ̀kan dá lórí ìṣègùn eyín, tí òmíràn jẹ́ ewì, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní méjì títí ẹ̀rí á fi so wọ́n pọ̀. Ẹni méjì tí ẹ yà sọ́tọ̀ lásán, ìṣẹ́jú kan lẹ máa fi so wọ́n padà. Ẹni méjì tí ẹ ti sọ di ọ̀kan, tí ẹ ti fi ọmọ ẹnì kan fún ìyàwó ẹlòmíràn, títú u ká máa ń dà bí ẹni pé kò ní tán, nítorí gbogbo ohun tí ẹ kọ lẹ́yìn náà ti dúró lé e lórí.

Kí ló dé tí wíwá orúkọ nínú ákáífù fi le ju ti ilé ìkàwé lọ?

Nítorí pé ákáífù kì í to ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀. Bó ṣe jáde láti ọwọ́ ẹni tàbí ọ́fíìsì tó kọ ọ́ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀. Ìlànà yìí ti wà tipẹ́. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Faransé fi ránṣẹ́ sí àwọn ákáífù wọn ní 1841 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí adájọ́ wà nínú ìwé adájọ́, ẹjọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé kóòtù, owó orí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí. Ohun tí kátálọ́ọ̀gì kọ lè má ju "lẹ́tà, 1851 sí 1856, àpótí mẹ́rin" lọ, kí ẹni yín sì wà nínú àpótí kẹta.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa yí padà nìyẹn. Dípò "níbo ni orúkọ yìí wà?", ẹ béèrè pé: "ọ́fíìsì wo ló ní ìdí láti kọ orúkọ ẹni yìí sílẹ̀, kí ni wọ́n sì máa pe irú ìwé bẹ́ẹ̀?" Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rán an níṣẹ́, nítorí náà inú ìwé CMS, tó wà ní Cadbury Research Library ní Yunifásítì Birmingham, ni púpọ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ wà. Abẹ́ orúkọ ibi iṣẹ́ ni wọ́n tò wọ́n sí: C A2 fún ilẹ̀ Yorùbá, C A3 fún ti odò Ọya. Ẹni tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní ibì kan bọ́ sí òmíràn á ka apá kan, á sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ ọ́fíìsì tó yẹ, SNAC, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè ṣèrànwọ́. Ó ń kó orúkọ ènìyàn jọ látinú àpèjúwe ìwé ákáífù, ó sì ń fi hàn pé lẹ́tà ẹnì kan wà ní ilé mélòó. Òṣìṣẹ́ ákáífù náà ń bẹ. Ẹ sọ ìtàn ẹni náà fún wọn ní ṣókí, kí ẹ má kàn dárúkọ rẹ̀.

Orúkọ náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé bíi mẹ́fà. Ṣé kí n wá gbogbo wọn ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ayé àtijọ́, akọ̀wé ń kọ ohun tó gbọ́ létí, ẹni tó ni orúkọ sì lè má mọ̀wé kà débi tó máa tún un ṣe. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni Soundex, tó ń kó àwọn orúkọ tí ìró wọn jọra sójú kan, tí Robert C. Russell gba àṣẹ ìní rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1918. Wọ́n á mú lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n á yọ fáwẹ̀lì àti h, w, y kúrò, wọ́n á sì sọ kọ́ńsónáǹtì tó kù di nọ́ńbà mẹ́ta. Johnson di J525, Jonson náà di J525. Bí wọ́n ṣe ṣe atọ́ka ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1880, 1900 àti 1920 nìyẹn.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Johnston, tó sún mọ́ Johnson tó bẹ́ẹ̀, di J523, ó ti bọ́ sí ibòmíràn. Catherine jẹ́ C365, Katherine jẹ́ K365, nítorí pé lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í yí padà. Atọ́ka ti 1880 tún yọ àwọn ilé tí kò ní ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí tó kéré sí i sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí kò sí nínú atọ́ka lè wà nínú ìwé ìkànìyàn fúnra rẹ̀.

Orúkọ tó ní àmì lórí tàbí nísàlẹ̀, irú bíi ti Yorùbá, ti Vietnam tàbí ti Czech, ẹ wá a pẹ̀lú àmì, ẹ tún wá a láìsí àmì. Bí ẹ bá ń wá Àjàyí, ẹ tẹ Ajayi náà. Ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú lẹ́tà bíi "ẹ́", ojú wa ò sì lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀, àmọ́ kátálọ́ọ̀gì tí wọn ò tún ṣe dáadáa lè máa kà wọ́n sí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti orúkọ tí a fi Ṣ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbìyànjú S, ẹ gbìyànjú Sh.

Ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n ti gé orúkọ sí méjì pẹ̀lú. Lábẹ́ orúkọ àbísọ ni ilé ìkàwé ń to àwọn ará Iceland sí, lábẹ́ orúkọ bàbá àti ti ìyá pa pọ̀ ni García Márquez máa ń wà. Ní Turkey, ṣáájú òfin 1934, púpọ̀ ènìyàn ni kò ní orúkọ ìdílé rárá.

Bí ẹni náà bá yí orúkọ rẹ̀ padà ńkọ́?

Ìyẹn gan-an ló ń bí olórúkọ kan náà. Àjàyí di Samuel Crowther nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní December 1825. Àlùfáà kan ní London, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ CMS, ló ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Samuel Crowther mìíràn tún jáde ní Amẹ́ríkà, akọ̀ròyìn tó bá Henry Ford kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1922. Orúkọ kan, ènìyàn mẹ́ta. Ẹni tó bá ń wá Bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú 1825 gbọ́dọ̀ fi Crowther sílẹ̀, kó máa wá Àjàyí.

Àwọn mìíràn a máa ya ara wọn sọ́tọ̀. Ní 1899, Winston Churchill ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé Winston Churchill kan wà ní Amẹ́ríkà tí ìtàn àròsọ rẹ̀ ń tà wìtìwìtì. Ó kọ lẹ́tà sí i, ó ní òun á máa fi "Spencer" sí orúkọ òun lórí ìwé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí "S." fi wà lára orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ará Amẹ́ríkà náà ò ní orúkọ àárín, kò sí ohun tó fẹ́ fi kún tirẹ̀.

Ní ti obìnrin, ẹ wá orúkọ ilé bàbá, orúkọ ilé ọkọ kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ ọkọ tí wọ́n kàn fi "Mrs." ṣáájú.

Ọjọ́ inú ìwé méjì kò bára mu. Ṣé ẹni méjì ni?

Ó lè jẹ́ kàlẹ́ńdà. Títí di 1752, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kàlẹ́ńdà àtijọ́, March 25 sì ni ọdún ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé òfin wọn, kì í ṣe January 1. Ọmọ tí wọ́n bí ní February 1700 lójú wọn, 1701 ni lójú tiwa. Samuel Johnson oníwèé atúmọ̀ yẹn, September 7 ni àwọn ìwé kan kọ fún ìbí rẹ̀, September 18 ni àwọn mìíràn kọ. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹ tún wò ó bóyá ọjọ́ ìrìbọmi ni ẹ ń pè ní ọjọ́ ìbí.

Ẹni méjì jọ gbé ìlú kan náà ní àkókò kan náà, orúkọ wọn bára mu. Kí ni kí n ṣe?

Èyí ló le jù, òun ló sì máa ń dùn jù bó bá yọrí. Ẹ má wá ẹni yín nìkan. Ẹ kọ gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní ìlú náà jáde, látinú ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú, owó orí àti ìhágún, ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ká ní John Brown mẹ́rin ló ṣe ìrìbọmi láàárín ogún ọdún. Ẹ kọ́kọ́ lọ sínú ìwé ìsìnkú. Ọ̀kan tó kú lọ́mọ ọdún méjì kò lè gbéyàwó ní 1815. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn òbí a máa fi orúkọ ọmọ tó kú sọ èyí tó tẹ̀lé e, nítorí náà John méjì nínú ilé kan kì í ṣe àṣìkọ dandan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé ìgbéyàwó. Ọ̀kan fi gègé buwọ́ lùwé geerege, ìkejì fa àmì X, akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ yí i ká. Ẹni tó fa X ní 1815 lè kọ́ ìwé lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó buwọ́ lùwé dáadáa kì í sábà padà sí X, àfi bí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó bá dé. Ẹ wo àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹni tó jẹ́rìí níbi ìgbéyàwó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí aládùúgbò, orúkọ tirẹ̀ sì lè má wọ́pọ̀ rárá. Ẹ tẹ̀ lé e, á mú yín dé ilé ẹni tí ẹ ń wá. Ìwé ìhágún dára ju gbogbo wọn lọ, torí pé ó máa ń dárúkọ ìyàwó, ọmọ, àna àti ilẹ̀ sójú kan.

Ẹ ṣọ́ra fún "Senior" àti "Junior" nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ bàbá àti ọmọ. Àgbà àti kékeré láàárín olórúkọ kan náà ní ìlú ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá, ìbátan, tàbí ẹni tí kò bá a tan rárá. Bí àgbà bá kú, "Junior" a di "Senior".

Ìwé tí mo nílò kò sí. Ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ti pòórá ni àbí wọ́n tì í pa. Amẹ́ríkà kì í ṣí ìwé ìkànìyàn títí ọdún méjìléláàádọ́rin á fi kọjá. Ti 1950 ṣí ní April 2022. Ní Bìrìtéènì, ọgọ́rùn-ún ọdún ni.

Àwọn kan ti lọ pátápátá. Iná ba ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1890 jẹ́ ní 1921, ìwọ̀nba orúkọ bí 6,000 ló kù. Ti England àti Wales ní 1931 jóná ní 1942. Ilé àkọsílẹ̀ ní Dublin jó ní 1922, ó sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé Ireland lọ. Nígbà náà ni ẹ máa wá ìwé tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìforúkọsílẹ̀ ti 1939 fún England àti Wales, ìwé owó ilẹ̀, ìwé orúkọ olùgbé ìlú, ìwé ìròyìn, tàbí ẹ̀dà tí ẹnì kan ti dà kọ kí iná tó jó.

Ẹnì kan ti to ìdílé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n dà á kọ?

Ẹ lò ó gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ka. Bí ẹ bá rí i níbi ogún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹyọ kan tí àwọn mọ́kàndínlógún dà kọ.

Báwo ni kí n ṣe máa kọ ohun tí mo rí sílẹ̀?

Orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé náà gan-an, pẹ̀lú àṣìkọ rẹ̀. Nọ́ńbà ìwé, àpótí, ojú ewé. Ibi tí ẹ ti wá a tí ẹ kò rí i. Kí ẹ sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bíi "Brown A" àti "Brown B", títí dìgbà tí ẹ̀rí á fi so wọ́n pọ̀.

Ìgbà wo ni mo lè sọ pé ẹni náà nìyí?

Nígbà tí ohun méjì ó kéré tán, yàtọ̀ sí orúkọ, bá ti wá láti inú ìwé tí kò da ara wọn kọ, tí wọ́n sì bára mu, tí ẹ sì ti fi ìdí tí àwọn olórúkọ yẹn yòókù kò fi lè jẹ́ òun hàn. Apá kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò.

Mo rí àṣìṣe nínú kátálọ́ọ̀gì. Ta ni kí n sọ fún?

Ilé ìkàwé tó ni àkọsílẹ̀ orúkọ náà. Bó bá jẹ́ orí VIAF lẹ ti rí i, ẹ wo ilé ìkàwé tí ìlà tó ṣì náà ti wá, nítorí bí wọn ò bá tún un ṣe níbẹ̀, ó lè tún padà. Wikidata, àkójọ ìsọfúnni tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yàtọ̀: ẹ̀yin fúnra yín lè ṣàtúnṣe, ó sì ní àyè pàtó, P1889, tí ẹ lè fi sọ pé ẹni yìí kì í ṣe ẹni yẹn. Ẹ fi ẹ̀rí ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé, ẹ̀dà ojú ewé àkọlé tàbí ìròyìn ikú, pẹ̀lú nọ́ńbà àkọsílẹ̀ méjèèjì. Òṣìṣẹ́ tó gbà á á kọ ọ́ sínú ìlà 670.